Script Tó Ń Ṣiṣẹ́ Lọ́sàn-án, Tí Kì í Ṣiṣẹ́ Lóru

Ìbéèrè: Mo kọ shell script kan tó ń ṣe ẹ̀dà dátà ọ́fíìsì wa pamọ́. Bí mo bá fọwọ́ ara mi pè é, á ṣiṣẹ́. Bí mo bá fi lé cron lọ́wọ́ fún aago méjì òru, n kì í bá nǹkan kan láàárọ̀. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Cron ni kò mọ ohun tí ẹ̀yin mọ̀. Kì í ka .bashrc yín. Lórí Debian, /usr/bin àti /bin nìkan ló ń wò. Àṣẹ tó bá wà ní /usr/local/bin, kò ní rí i. Ẹ kọ ìlà PATH tó dárúkọ gbogbo ibi wọ̀nyí sókè script náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi >> $HOME/backup.log 2>&1 parí ìlà crontab yín, kí ẹ lè rí ohun tó ń ráhùn lé lórí.

Bí script náà bá tún ń pa ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́ (ọ̀pọ̀ irú script bẹ́ẹ̀ ń ṣe é), ẹ fi set -u síbẹ̀. Láìsí i, bí script kò bá fún $IBI (variable tó ń tọ́ka sí ibi tí ẹ̀dà wà) ní iye kankan, rm -rf "$IBI/"* á di rm -rf /*. Irú àṣìṣe yìí wà nínú script Steam fún Linux ní 2015, ó sì nu fáìlì àwọn oníbàárà nù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ fi echo ṣáájú rm, kí ẹ wo ohun tó fẹ́ pa.