Iná tó ń tàn láìtẹ bọ́tìnnì

ÌBÉÈRÈ

Ọmọ ọdún 19 ni mí, Òṣogbo ni mò ń gbé. Mo ti ṣe WAEC, mo ń retí kí yunifásítì pè mí. Ẹ̀gbọ́n mi ra bọ́ọ̀dù Arduino Uno fún mi pẹ̀lú breadboard, wáyà àti àwọn gílóòbù LED kéékèèké. Èyí tí mo kọ́kọ́ so mọ́ ibi tí wọ́n kọ 5V sí tàn yòò, ó sì jó lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi resistor sí ìkejì, ìyẹn sì dáa. Mo wá fi bọ́tìnnì kún un. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, iná máa ń tàn, àmọ́ tí mo bá gbé ọwọ́ kúrò, kì í kú. Á kàn máa ṣẹ́jú. Tí mo bá na ọwọ́ sún mọ́ wáyà rẹ̀, tí mi ò tíì fọwọ́ kàn án, á tún tàn. Ìgbà tí NEPA bá mú iná wá ló máa ń burú jù. Màmá mi ní kí n kó nǹkan yìí jáde nílé. Ṣé bọ́ọ̀dù náà ti bàjẹ́ ni? Ẹ̀ka áàtì ni mo ṣe ní girama, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó tiẹ̀ yẹ kí n dáwọ́ lé e?

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, bọ́ọ̀dù rẹ kò bàjẹ́, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó yẹ kó ba màmá rẹ lẹ́rù. Inú mi dùn sí ìwé rẹ, pàápàá nítorí ohun kan tó o kàn fi kún un: pé ìgbà tí NEPA bá mú iná wá ló máa ń burú jù. Ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà, ojú rẹ ló sì rí i.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti gílóòbù tó jó. LED kò mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Tí iná tó dé ọ̀dọ̀ èyí tó pupa bá ti kọjá nǹkan bí 2V, ó ti ṣílẹ̀kùn nìyẹn, gbogbo ohun tó o bá rọ́ lù ú ló máa gbà títí á fi jó. Resistor ló ń bá a ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bọ́ọ̀dù gbé 5V kalẹ̀, LED mú 2V, ó ku 3V fún resistor. Tí resistor náà bá jẹ́ 220 ohm, fi 220 pín 3, wàá rí i pé nǹkan bí 14 mA ló máa kọjá. Kò dáa kí ihò kan lára Uno gbé ju 20 mA lọ, nítorí náà ara rọ gbogbo wọn. Ìṣirò Georg Ohm ará Jámánì nìyẹn, ọdún 1827 ló tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ó wá ku bọ́tìnnì. Ó dá mi lójú pé ohun tó o ṣe ni pé o so ẹsẹ̀ kan mọ́ 5V, o so ìkejì mọ́ ihò 2, o sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tó o bá tẹ̀ ẹ́, 5V á dé ihò 2. Tó o bá wá gbé ọwọ́ kúrò ńkọ́? O rò pé òdo ló kù níbẹ̀. Kì í ṣe òdo o. Ihò náà kò so mọ́ nǹkan kan mọ́ ni. Láti 3V sókè ni Uno máa ń kà sí HIGH, láti 1.5V wálẹ̀ ló ń kà sí LOW, ihò tí kò níbi tó fara tì yóò sì máa rìn gbéregbère láàárín méjèèjì. Iná tíntínní, tí kò lè tan gílóòbù kankan, ti tó láti tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Níbo ni iná tíntínní yẹn ti ń wá? Láti ara wáyà ilé yín ni. Iná tí NEPA ń gbé wá ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ara èèyàn sì ń gbà á bí irin gígùn orí rédíò ṣe ń gba ohùn. Nígbà tí mò ń kọ́ iṣẹ́ rédíò, ọ̀gá mi máa ń fi ìka kan ẹnu wáyà tó ń gbé ohùn wọ ampilifáyà. Tó bá ti dún "hùùù", á ní ó yè. Hùùù yẹn náà ni LED rẹ ń fi hàn ọ́.

Ra resistor 10k. Àwọ̀ búráùn, dúdú àti ọsàn ló wà lára rẹ̀. So ẹnu rẹ̀ kan mọ́ ihò 2, kó o so ìkejì mọ́ GND. Bó o bá gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, òun ló máa fa ihò náà wálẹ̀ sí òdo. Bó o bá tẹ̀ ẹ́, 5V á borí rẹ̀. O lè rí àwọn tó máa ní kó o kọ INPUT_PULLUP sínú kóòdù rẹ kó o sì so bọ́tìnnì mọ́ GND. Òótọ́ ni wọ́n sọ, resistor kan wà nínú bọ́ọ̀dù náà fún iṣẹ́ yẹn. Àmọ́ gbogbo rẹ̀ á yí padà: tó o bá tẹ bọ́tìnnì, LOW ni wàá rí. Èmi fẹ́ kó o kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ fi resistor síbẹ̀, kó o fojú rí ohun tó ń ṣe. Yẹ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́tìnnì náà wò pẹ̀lú: méjì-méjì ni wọ́n so pọ̀ nínú, tó o bá sì gbé e sódì, á dà bí ohun tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí.

Ní ti áàtì tó o ṣe, fọkàn balẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán-iṣẹ́ kan ní ìlú Ivrea, ní Ítálì, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Arduino ní 2005. Massimo Banzi tó ń kọ́ wọn níbẹ̀ wà lára àwọn tó ṣe é, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rí. Orúkọ ilé ọtí kan ní ìlú náà ni wọ́n fi pè é. Ẹni bíi tìrẹ ni wọ́n ní lọ́kàn.

LED tó kàn ń ṣẹ́jú fúnra rẹ̀ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Onílù tó mọṣẹ́ máa ń wo ẹsẹ̀ oníjó, ohun tí mo fẹ́ kí bọ́ọ̀dù rẹ máa ṣe náà nìyẹn. Tí bọ́tìnnì bá ti gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu, wá LDR, resistor tó ń yí padà bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe pọ̀ sí. So ó láti 5V sí ihò A0, kó o so 10k láti A0 sí GND. analogRead á fún ọ ní iye kan láàárín 0 àti 1023. Fi ọwọ́ ṣíji bò ó, kó o wo bí iye náà ṣe ń já wálẹ̀, kó o wá yan èyí tó o fẹ́ kí LED tàn sí. Èmi kò lè bá ọ yan iye yẹn, torí bí yàrá rẹ bá ṣe mọ́lẹ̀ sí ni. Ohun yòówù tó o bá ń ṣe, má ṣe fa iná láti ara ògiri. Èyí tó ń ti kọ̀ǹpútà wá ti tó.

Kó o tó fi resistor 10k síbẹ̀, ṣe nǹkan kan fún mi lálẹ́ òní. Yọ ṣájà kúrò lára kọ̀ǹpútà, ti wáyà kan ṣoṣo bọ A0, fi ẹnu rẹ̀ kejì sílẹ̀, kó o sì máa wo iye tó ń jáde. Ní kí màmá rẹ fọwọ́ mú un níbi rọ́bà rẹ̀. Kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí sílẹ̀ nígbà tí iná wà, kẹ́ ẹ tún un ṣe nígbà tí NEPA bá mú un lọ, kó o sì fi méjèèjì ránṣẹ́ sí mi.