Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ìṣàkóso Àwọn Òṣìṣẹ́ Tí Ó Fọ́n Káàkiri Àgbáyé

Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí a bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kì í ṣe etí nìkan ni a fi ń gbọ́ ọ. A ń wo ojú rẹ̀ bóyá ó rọ̀ tàbí ó le, a sì ń wo ìjókòó rẹ̀. Báwo wá ni ẹni tí ó jókòó sí Simawa yóò ṣe ṣe aṣáájú fún òṣìṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, òmíràn ní Lomé, àti ẹ̀kẹta ní San Francisco, nígbà tí kò lè rí ojú wọn àfi lórí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà? Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Shola Akinlade, ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó dá ilé-iṣẹ́ Paystack sílẹ̀ ní 2015, Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn ni ó ti kàwé. Ní 2020, Stripe, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, kéde pé òun fẹ́ ra Paystack. Stripe yìí kan náà ni ó ti sọ ní 2019 pé ibùdó karùn-ún fún àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ òun kò ní sí ní ìlú kankan. Kálukú yóò máa ṣiṣẹ́ láti ibi tí ó wà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ aago, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aáwọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti 1919 ni aago wa ti fi wákàtí kan ṣáájú ti Greenwich. Bí aago kan ọ̀sán bá lù ní Simawa, ó lù ní Kétu náà, ṣùgbọ́n méjìlá ni wọ́n ṣì ń kà ní Àtàkpamé ní Tógò. Àwa kì í yí aago wa padà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ń yí tiwọn. San Francisco ń fi wákàtí mẹ́sàn-án rẹ̀yìn sí wa nígbà òtútù, ó sì ń fi mẹ́jọ rẹ̀yìn nígbà ooru. Ní oṣù Kẹta, Amẹ́ríkà ń fi ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú Lọ́ńdọ̀nù yí aago. Ìpàdé tí a ti ń ṣe ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní Simawa yóò ṣàdédé bọ́ sí márùn-ún, ẹni tí kò mọ̀ yóò sì dé nígbà tí wọ́n ti túká.

Bí ọ̀gá tí ó wà ní San Francisco bá pe ìpàdé sí aago méjì ọ̀sán tirẹ̀ nígbà òtútù, aago mọ́kànlá alẹ́ ni ní Simawa. Ọmọ tí a kọ́ nílé yóò tan jẹnẹrétọ̀, yóò jókòó, kò sì ní wí nǹkan kan, nítorí pé a kì í sọ fún ọ̀gá pé ilẹ̀ ti ṣú. Ọ̀gá yóò rò pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lójú tèmi, ohun tí ó ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ jù nìyí. Aṣáájú tí ó bá gbọ́n yóò béèrè, yóò sì pín òru náà: lóṣù yìí kí ará Simawa pẹ́ sùn, lóṣù tí ń bọ̀ kí ará Amẹ́ríkà jí ní kùtùkùtù. Yóò sì kọ gbogbo ìpinnu sílẹ̀, kí ẹni tí ó sùn lè jí kà á.

Ọ̀nà tí yóò gbà kọ ọ́ ṣe pàtàkì. Àwa kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ń ránṣẹ́ sí ẹni tí a kò rí: ní àwọn ọdún 1880, àrokò Ìjẹ̀bú wà lára èyí tí a kó han àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Owó ẹyọ mẹ́fà, ẹfà, ń wí pé ọkàn mi fà sí ọ; mẹ́jọ, ẹjọ, ń wí pé a jọ ara wa. Ó dùn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, owó lásán ni yóò rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni "a ó wò ó" ṣe rí, kódà bí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Láàárín wa, ó sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ tí a fi ọ̀wọ̀ wí. Ará Lọ́ńdọ̀nù lè kà á sí ìlérí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe lè tọ́ tí ó sì lè wọ́, kí ó yẹ ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther wò. Ní 1857 ni C.M.S. bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn lẹ́bàá Odò Ọya. Ní 1864 ni Crowther di bíṣọ́ọ̀bù. Èkó ni ó ń gbé. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà ní Onitsha, Lokoja, Bonny àti Brass, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ni ó ń wọ̀ lọ bẹ̀ wọ́n wò. 1878 ni wọ́n tó ní ọkọ̀ tiwọn. Nígbà tí ojú ọ̀gá jìnnà tó bẹ́ẹ̀, àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ṣe bí ó ti wù wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn kejì ni ó ṣe ikú pa iṣẹ́ náà. Henry Venn, akọ̀wé C.M.S., gbẹ́kẹ̀ lé Crowther, ṣùgbọ́n Venn kú ní 1873, àwọn tí ó wá lẹ́yìn rẹ̀ kò sì gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1890, ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó nínú ìgbìmọ̀ owó dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀. Bàbá tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó wà lọ́kàn ẹnì kan ṣoṣo ní Lọ́ńdọ̀nù bá a wọ sàréè. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ilé-iṣẹ́ òde òní kọ ọ́ sínú òfin wọn, kí ó hàn kedere, ohun tí ẹni tí ó wà ní Simawa lè dá pinnu láìdúró de ẹnikẹ́ni láti jí.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìkíni, tí ó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Bí ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀, ẹ káàárọ̀ tọ́ sí San Francisco, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ tọ́ sí Simawa, ẹ kú alẹ́ sì tọ́ sí ẹni tí ó wà ní Íńdíà. Ẹ kú iṣẹ́ kò mọ aago. Òun ni a lè fi kí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.