Oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: ẹ̀kọ́ kan láti inú The Martian



Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, mo lọ wo The Martian ní sinimá níbí ní Houston. Mo ti ka ìwé rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Andy Weir tó kọ ọ́ ń ṣe nígbà náà, bíi tèmi, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló sì kọ́kọ́ ń gbé ìtàn náà sí ní orí kọ̀ọ̀kan. Ridley Scott ló sọ ọ́ di fíìmù.

Ìtàn náà ò lọ́jú pọ̀. Wọ́n fi Mark Watney sílẹ̀ ní pílánẹ́ẹ̀tì Mars, wọ́n rò pé ó ti kú. Onímọ̀ ewéko ni, ló bá dá oko pòtétò sínú ilé. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀?

Ó lọ hú Pathfinder jáde nínú iyanrìn. Ẹ̀rọ yìí wà lóòótọ́: ọdún 1997 ló gúnlẹ̀ sí Mars, ọdún náà ló sì dákẹ́. Kámẹ́rà rẹ̀ lè yí po, àwọn tó wà láyé ló ń darí rẹ̀. Watney wá to káàdì yí i ká, kí kámẹ́rà máa nàka sí wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Òbìríkítí jẹ́ dígíríì 360. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì 26 pẹ̀lú káàdì ìbéèrè kan jẹ́ 27, káàdì kọ̀ọ̀kan á gba nǹkan bíi dígíríì 13. Ó ti fún jù, èèyàn ò ní mọ èyí tí kámẹ́rà ń wò. Ló bá lo òǹkà oní-16: 0 dé 9, lẹ́yìn náà A dé F. Káàdì kọ̀ọ̀kan wá rí àyè tó lé ní dígíríì 20. (Kó má bà yín lẹ́rù: àwa tí a ń ka ogún, ogójì, ọgọ́ta, oní-20 ni tiwa!) Nọ́ńbà méjì ló ń dúró fún lẹ́tà kan, gẹ́gẹ́ bí ètò ASCII ti ọdún 1963 ṣe là á sílẹ̀. O ni 4F, K ni 4B.

Ibẹ̀ lọkàn mi ti kúrò nínú fíìmù. Àyè 128 péré ni ASCII ní. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ, ká má tíì sọ àmì ohùn. Ká ní ọmọ Ìjẹ̀bú ni Watney, tí kámẹ́rà sì nàka sí 4F 4B 4F, OKO, èwo ni kó mú?

- oko: ibi tí a ń gbin nǹkan sí
- ọkọ: ẹni tó fẹ́ ìyàwó
- ọkọ́: irinṣẹ́ tí a fi ń ro ilẹ̀
- ọkọ̀: ohun tí a ń wọ̀ rìnrìn àjò

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyá mi tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi nígbà kan: "Oko baba re ti baje o." Ọkọ̀ ni mo kà. Mo fèsì pé kí wọ́n pe mẹkáníìkì, mo tún fi ẹ̀rín sí i. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ọjọ́ kẹta la tó sọ̀rọ̀: omi ló ya wọ oko bàbá mi, gbogbo ẹ̀gẹ́ ló jẹrà. Bàbá rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Lónìí, Unicode ti fún gbogbo lẹ́tà wa láyè. Ọ ni E1 BB 8C: nọ́ńbà mẹ́fà dípò méjì. Kámẹ́rà Watney á yí nígbà mẹ́fà fún lẹ́tà kan ṣoṣo. Lójú tèmi, ó tó bẹ́ẹ̀. Gboard ti Google ní Yorùbá nínú. Ẹ fi sí fóònù yín, àti ti àwọn òbí yín.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: Kámẹ́rà nàka sí 45 57 41. Ọ̀rọ̀ wo ni? Ọ̀nà mélòó lẹ lè gbà kà á? Ẹ fi àmì sí gbogbo rẹ̀ o.

Ó dìgbà kan ná.