Ẹ Bi Omi Léèrè Ọ̀nà Tó Gbà: Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Tó Fẹ́ Kọ́ Ìmọ̀ Omi

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ ti ń béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni àwọn onímọ̀ omi ń ṣe gan-an. Kò sẹ́ni tí kò lè sọ pé òjò rọ̀, odò kún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì ni iṣẹ́ wa: ibi tí omi gbà, bó ṣe pẹ́ tó nínú ilẹ̀, èyí tí igi mu, èyí tó padà sójú ọ̀run. Ojú kì í rí púpọ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe gba ojú gbọ́ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

1. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò. Ìgbà kan wà tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù gbà pé òjò kò lè tó bọ́ odò. Wọ́n ní láti inú òkun ni omi ti ń gba abẹ́ ilẹ̀ gòkè wá sí ìsun. Pierre Perrault, agbowó-orí ọba ní Paris tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò bá wọn fa ọ̀rọ̀. Ó mú òṣùwọ̀n òjò ọdún mẹ́ta, ó fi ṣírò omi tó ń rọ̀ sórí ilẹ̀ tó yí ìbẹ̀rẹ̀ odò Seine ká, ó fojú díwọ̀n èyí tí odò náà ń gbé lọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1674. Òjò náà tó ìlọ́po mẹ́fà omi odò. Bí alájọ ṣe ń ṣírò ni: èyí tó wọlé, èyí tó jáde, èyí tó kù nílẹ̀. Òjò ló ń wọlé; odò, àti oòru tó ń gòkè lára ilẹ̀ àti ewé, ló ń jáde. Bí ìṣirò yín kò bá dọ́gba, omi ń gba ibì kan tí ẹ kò tíì mọ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ lọ wá.

2. Ẹ yan ibi tí omi kò ti lè sá mọ́ yín lọ́wọ́. Ní àwọn òkè White Mountains, ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà, ìjọba ya igbó Hubbard Brook sọ́tọ̀ fún ìwádìí omi ní 1955. Àpáta abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kì í fẹ́ẹ̀ẹ́ jẹ́ kí omi jò lọ sísàlẹ̀. Omi tí kò bá bá oòru lọ, ẹnu odò kékeré tó wà nínú àfonífojì ni yóò gbà jáde. Wọ́n fi kọnkéré mọ ìdínà sẹ́nu odò wọ̀nyẹn, wọ́n sì gé ojú rẹ̀ bíi lẹ́tà V. Bí omi bá ṣe ga tó nínú V yẹn lẹ ó fi mọ iye tó ń kọjá.

Ní 1963, Herbert Bormann, Gene Likens àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ohun tó wà nínú omi náà wò. Nígbà tó di ìgbà òtútù 1965, wọ́n gé gbogbo igi àfonífojì kan lulẹ̀. Wọn kò gbé gẹdú kan jáde. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń fọ́n oògùn kí nǹkan kan má baà hù padà. Ní ọdún kìn-ín-ní, omi tó jáde fi 39% ju iye tó yẹ kó jẹ́ lọ. Ní ọdún kejì, 28%. Omi tí igi ìbá mu ni. Èyí tó dùn mí jù ni ohun tó bá omi náà jáde: náítíréètì pọ̀ nínú odò náà títí tó fi kọjá ìwọ̀n tí wọ́n fọwọ́ sí fún omi mímu, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò da ajílẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí gbòǹgbò ń fà mu tẹ́lẹ̀ ni odò wá ń gbé lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ iye tó yẹ kó jẹ́? Wọ́n ti fi àwọn àfonífojì ìtòsí sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn wọ́n. Láìsí ìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ jiyàn á ní òjò ọdún náà ló pọ̀, ẹ ò sì ní rí èsì fún un.

3. Ẹ wo ojú ilẹ̀ kí ẹ tó bú odò. A kò ní láti lọ sí Amẹ́ríkà fún èyí. Ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, Ìbàdàn, ní àwọn ọdún 1970, Rattan Lal tó wá láti Íńdíà ya abala oko sórí ìdagẹ̀rẹ̀ 1%, 5%, 10% àti 15%, ó sì ń gba àgbàrá tó bá ti ibẹ̀ jáde kó lè wọ̀n ọ́n. Níbi tí ilẹ̀ wà níhòòhò, bí ìdagẹ̀rẹ̀ ṣe ń le sí i ni erùpẹ̀ tí àgbàrá ń kó lọ ń pọ̀ sí i gidigidi. Níbi tí wọ́n fi pòròpórò bo ilẹ̀, tàbí tí wọn kò tú u rárá, àgbàrá kéré, erùpẹ̀ tó ń lọ kò tó nǹkan, kódà lórí ìdagẹ̀rẹ̀ tó le. Òjò wa máa ń fi agbára balẹ̀. Ó ń fọ́ erùpẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, erùpẹ̀ yẹn á sì dí ihò tí omi ìbá gbà wọlẹ̀. Lábẹ́ pòròpórò, ekòló ń la ihò, ihò sì wà ní ṣíṣí. Ní 2020 ni wọ́n fún Lal ní ẹ̀bùn World Food Prize, ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn kò sì mọ̀ pé àárín wọn ló ti ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò níí gbà fún un. Ní 31 Oṣù Kẹjọ 1980, odò Ògùnpa ní Ìbàdàn kún ya wọ ilé, kò béèrè lọ́wọ́ onílé. Òjò ọjọ́ náà pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n páànù, ọ̀dà àti ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ le kì í mu omi, pàǹtí sì ti dí ojú odò. Ẹni tó bá fẹ́ dáàbò bo ìlú tó sì ń gbẹ́ odò nìkan, ìdajì iṣẹ́ ló ń ṣe.

4. Ẹ má fo igi dá. Ní 1985, André Granier ní ilẹ̀ Faransé gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ láti fi wọn omi tí igi ń mu: abẹ́rẹ́ méjì nínú ìtì igi, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Iná mànàmáná ń mú ti òkè gbóná. Bí omi bá ń gòkè kíákíá, á gbé ooru náà lọ, ìyàtọ̀ àárín abẹ́rẹ́ méjèèjì á sì dín kù. Lóru, tí igi kì í fẹ́ẹ̀ẹ́ mu omi, ìyàtọ̀ náà á pọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí ló ń fọwọ́ ara wọn ṣe abẹ́rẹ́ yìí, nítorí náà ẹ má fi àìlówó ṣe àwáwí.

5. Ẹ wádìí ọjọ́ orí omi. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Díẹ̀ nínú háídírójìn àti ọ́síjìn tó para pọ̀ di omi wúwo ju ìyókù lọ. Áísótòpù ni wọ́n ń pè wọ́n. Bí oòrùn bá ń fa omi sókè, èyí tó fúyẹ́ ló ń tètè lọ. Bí òjò bá ń rọ̀, èyí tó wúwo ló ń tètè já bọ́. Òjò àkọ́rọ̀ kì í sábà ní àmì áísótòpù kan náà pẹ̀lú àrọ̀kúrò. Onímọ̀ á bu omi nínú òjò, nínú ilẹ̀, nínú igi àti nínú odò, á fi àmì wọn wéra.

Ní ọ̀pọ̀ odò inú igbó, bí òjò ńlá bá rọ̀ tí odò sì kún lójú ẹsẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà kì í ṣe òjò òní. Omi tó ti wà nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni; òjò òní ló tì í jáde.

Ní igbó H.J. Andrews ní Oregon, Renée Brooks, Jeffrey McDonnell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ̀wé ní 2010 pé omi tí igi ń mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe èyí tó ń lọ sódò. Òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn wọ inú àwọn ihò tín-ín-rín, ó sì há síbẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé e gba ihò ńlá kọjá. Ẹ má tíì pariwo o. Àwọn mìíràn ti fi hàn pé ọ̀nà tí a ń gbà fa omi jáde nínú igi lè yí àmì rẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí, inú mi sì dùn, nítorí ó ku iṣẹ́ fún yín.

6. Kànga àti odò lè wà nítòsí ara wọn kí wọ́n má mọra. Ní agbègbè Djougou ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lórí odò Donga tó ń ṣàn sínú Ouémé, àwọn olùwádìí ètò ìwádìí AMMA-CATCH rí i pé omi jíjìn abẹ́ ilẹ̀ kọ́ ló ń bọ́ odò náà, bí kò ṣe omi tó ń kó jọ nítòsí ojú ilẹ̀ nígbà òjò.

7. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gbé òṣùwọ̀n òjò síta gbangba, kó jìnnà sí òrùlé àti igi, kí ẹ sì máa wò ó ní aago kan náà láràárọ̀. Lọ́jọ́ tí òjò kò bá rọ̀, ẹ kọ òdo. Bí ẹ bá fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, ẹni tó bá ka ìwé yín lọ́la kò ní mọ̀ bóyá òjò ni kò rọ̀, tàbí ẹ̀yin ni ẹ kò jí.