Ẹ̀kọ́ 18: Ọmọ iṣẹ́ àti àwòrán ọ̀gá rẹ̀

Ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, ayàwòrán ńlá kan wà ní ilẹ̀ Ítálì. Orúkọ rẹ̀ ni Leonardo da Vinci. Ó ní àwọn ọmọ iṣẹ́, bí àwọn aránṣọ ìlú wa ṣe ní ọmọ iṣẹ́.

Ní nǹkan bí ọdún 1503, Leonardo bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán obìnrin kan tí ń jẹ́ Lisa. Orí pákó ni ó yà á sí. Ọ̀dà tí a fi òróró pò ni ó lò. Ọ̀dà yìí kì í tètè gbẹ. Ayàwòrán a kun díẹ̀, a dúró kí ó gbẹ, a tún kun díẹ̀ lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú obìnrin náà ń hàn lórí pákó.

Ọmọ iṣẹ́ kan mú pákó tirẹ̀, ó dúró nítòsí ọ̀gá. Ohun tí ọ̀gá yà ni òun náà ń yà. Nígbà mìíràn, ọ̀gá a wo iṣẹ́ rẹ̀, a rí i pé ibì kan kò tíì dára tó. Á tún ibẹ̀ yà. Ọmọ iṣẹ́ náà á tún tirẹ̀ yà.

Lónìí, àwòrán ọ̀gá wà ní Louvre, ní ìlú Paris. Mona Lisa ni orúkọ rẹ̀. Àwọn Faransé ń pè é ní La Joconde. Àwòrán ọmọ iṣẹ́ wà ní Prado, ní ìlú Madrid, ní ilẹ̀ Sípéènì. Louvre àti Prado jẹ́ ilé ńlá tí wọ́n ń kó àwòrán sí kí ènìyàn lè wá wò ó.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ènìyàn kò ka àwòrán ti Madrid sí. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà dúdú bo ẹ̀yìn obìnrin náà. Nígbà tí ó di ọdún 2012, wọ́n ti nu ọ̀dà dúdú náà kúrò. Òkè àti omi hàn lẹ́yìn rẹ̀, bíi ti ọ̀gá.

Wọ́n tún fi ẹ̀rọ wo abẹ́ ọ̀dà. Kí ni wọ́n rí? Ibi tí ọ̀gá ti tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ibẹ̀ náà ni ọmọ iṣẹ́ ti tún tirẹ̀ ṣe. Ọ̀dà ti bo àwọn àtúnṣe wọ̀nyí. Ẹni tí ó wo àwòrán lẹ́yìn tí ó ti parí kò lè rí wọn. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi sọ pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá ni ọmọ iṣẹ́ náà ti ṣiṣẹ́.

Ọ̀gá pàápàá ń tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ọmọ iṣẹ́ náà rí i, ó sì kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ tuntun
ayàwòrán: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àwòrán yíyà
ọ̀dà: ohun tí a fi ń kun ilé tàbí àwòrán
ọmọ iṣẹ́: ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá

Ìbéèrè
1. Kí ni wọ́n fi po ọ̀dà tí Leonardo lò?
2. Ìlú wo ni àwòrán ọmọ iṣẹ́ wà lónìí?
3. Kí ni wọ́n rí lábẹ́ ọ̀dà?
4. Ọmọ kan wo ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì kọ ìdáhùn rẹ̀. Ǹjẹ́ ohun tí ọmọ iṣẹ́ yìí ṣe ni ó ṣe? Kí ló dé?

Iṣẹ́ ṣíṣe
Olùkọ́ yóò ya ojú ènìyàn sí ara pátákó. Máa wò ó, kí o sì máa yà á tẹ̀lé e. Bí ibì kan kò bá dára tó, tún un yà.