Ta Ló Ń Tọ́jú Ìwọ?

Jókòó. Mo ní kí o jókòó! Ìyá rẹ ti mu ẹ̀kọ, wọ́n ti lo oògùn, wọ́n ti sùn. Ìwọ ńkọ́? Kí lo jẹ láti àárọ̀? Gàrí Savalou tó o da omi tútù sí yẹn? Ìyẹn lo pè lóúnjẹ?

Má dá mi lóhùn, ojú rẹ ti sọ ọ́. Láti ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ìyá rẹ, ẹ̀gbọ́n mi, dùbúlẹ̀, gbogbo ìlú Pira níbí ló ń yìn ọ́ pé ọmọ gidi ni ọ́. Òótọ́ ni, mo sì ń fi ọ́ yangàn lọ́jà. Àmọ́ ta ló ń bi ọ́ pé ṣé o sùn? Ìwọ lò ń gbé wọn dìde, ìwọ lò ń wẹ̀ wọ́n, ìwọ lò ń yí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ lóru kí ara wọn má baà dégbò. Ilẹ̀ á mọ́, wàá tún gba oko kajú lọ. Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ò tó nǹkan, o ti fara ya. Bó o bá jágbe mọ́ ìyá rẹ tán, wàá lọ sunkún lẹ́yìnkùlé, wàá ní ọmọ burúkú ni ọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ìwà burúkú kọ́ nìyẹn. Àárẹ̀ ọkàn ni, kì í sì í yọ ọmọ gidi sílẹ̀.

Kì í ṣe ohun ìtìjú. Ṣé o mọ Grégoire Ahongbonon, ọmọ Benin bíi tiwa, tó ti fìgbà kan máa ń lẹ táyà ní Côte d'Ivoire? Òun ló ń tú àwọn alárùn ọpọlọ kúrò nínú ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi so wọ́n mọ́ igi. Kó tó dá ẹgbẹ́ Saint Camille sílẹ̀ ní Bouaké ní 1983, òun fúnra rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì débi tó fẹ́ gbẹ̀mí ara rẹ̀. Kò fi í pamọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń bá a tọ́jú aláìsàn lónìí ló ti ṣàìsàn náà rí.

Ta ló sì sọ fún ọ pé ẹnì kan ló ń dá aláìsàn gbé? Nígbà tí dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú abúlé ní Arò, l'Abẹ́òkúta, ní 1954, ọ̀dọ̀ àwọn ará abúlé ló fi aláìsàn wọ̀ sí, mọ̀lẹ́bí kan á sì bá a wá. Mọ̀lẹ́bí ń sè, ó ń fọṣọ, ó ń mú un lọ gba ìtọ́jú, ṣùgbọ́n gbogbo abúlé ló yí i ká. Àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo wí. Owó tí àbúrò rẹ ń fi ránṣẹ́ láti Parakou dáa, àmọ́ owó kì í yí aláìsàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ lóru. Kó wá máa lo ọ̀sẹ̀ kan lóṣooṣù. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ á máa sun ibí lálẹ́ méjì lọ́sẹ̀. Ọjọ́ ọjà, tèmi ni. Lọ́jọ́ náà, mi ò fẹ́ rí ọ nídìí ìfọṣọ. Lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ rẹ́rìn-ín. Bí oorun ò bá padà, tí ayé ń sú ọ, sọ fún mi. Mo máa mú ọ lọ sí ilé ìwòsàn ní Savalou, a jọ máa lọ ni.

Má sọ fún mi pé o ò lè fi ìyá rẹ sílẹ̀. Ẹ̀yìn wọn ni mo sùn sí ní kékeré, kí wọ́n tó bí ọ. Ìwọ nìkan kọ́ lo jẹ wọ́n ní gbèsè ìtọ́jú. Jẹ́ kí àwa yòókù náà rí tiwa san.