Bí A Ṣe Lè Dáàbò Bo Ọkọ̀ Ilé Ìwòsàn Alágbèéká Lọ́wọ́ Iná Àpọ̀jù

Ọkọ̀ ilé ìwòsàn alágbèéká, ìyẹn ọkọ̀ ńlá tí a kọ́ yàrá àyẹ̀wò, ibùsùn àti ẹ̀rọ amóhuntutù sínú rẹ̀, jẹ́ ọ̀nà pàtàkì tí ètò ìlera fi ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ilé ìwòsàn jìnnà sí. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti gúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọjà tàbí gbàgede ilé ẹ̀kọ́, ilé tí ó súnmọ́ ọn jù lọ tàbí ẹ̀rọ amúnáwá ni yóò ti fa iná. Ibẹ̀ gan-an ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé awakọ̀ àti nọ́ọ̀sì inú ọkọ̀ náà kò mọ bí wọ́n ṣe so wáyà ilé onílé.

Iná tí ó yẹ kí ó máa wọ ilé ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà jẹ́ 230 fóòtì. Nígbà tí iye yìí bá fò sókè, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó lè jẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni àwọn ènìyàn ń pè wọ́n. Èkíní ni èyí tí kì í pẹ́ tó kí a ṣẹ́jú: àrá lè sán nítòsí òpó iná, tàbí kí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn tí ó ti lọ. Èyí kò ṣọ̀wọ́n rárá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 nìkan, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni ètò ìpèsè iná gbogbo orílẹ̀-èdè dàwó lulẹ̀, ìgbàkígbà tí wọ́n bá sì tún iná dá padà ni ó lè ya wọ inú ohun èlò tí ẹnikẹ́ni kò rántí pa. Èkejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wáyà níútírà bá já lórí òpó, ilé tí ó yẹ kí ó gba 230 fóòtì lè máa gba ohun tí ó súnmọ́ 400, kò sì ní í sọ̀ kalẹ̀ títí tí ẹnìkan yóò fi pa á, tàbí tí nǹkan yóò fi jó.

Ẹ̀rọ tí ó ń dènà èkíní kò lè dènà èkejì. Ẹ̀rọ adènà iná àpọ̀jù máa ń darí iná òjijì gba inú wáyà ilẹ̀ lọ. Bí ilé tí a ti fa iná kò bá ní wáyà ilẹ̀, tàbí tí ẹnìkan ti gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì kúrò kí ó lè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ díẹ̀ ni ẹ̀rọ náà yóò lè ṣe. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, agbára rẹ̀ a tán. Èyí ni ìdí tí iná kékeré fi wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn: bí ó bá ti kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Fún iná àpọ̀jù tí ó ń pẹ́, ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ fóòtì tí ó sì ń gé iná fúnra rẹ̀ ni a nílò. Sitabiláísà náà wúlò, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ. Èyí tí ó dára máa ń dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó tó jẹ́ kí iná tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wọ inú firíìjì, èyí sì ń dá ẹ̀mí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ sí.

Ewu kan wà tí ó jẹ́ ti ọkọ̀ ju ti ilé lọ. Rọ́bà ni táyà, rọ́bà kì í sì í gbé iná. Nítorí náà, bí wáyà tí ó gbé iná bá kan ara irin ọkọ̀ nínú lọ́hùn-ún, iná yóò dúró sára irin náà láìrí ọ̀nà lọ sí ilẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ tí ó wọ bàtà tí ó tutù, tí ó di ilẹ̀kùn mú láti gòkè, ni yóò di ọ̀nà. Nítorí èyí, kí a tó ṣílẹ̀kùn fún aláìsàn, ẹ fi mítà wọn iná sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ná. Bí ó bá dín sí 200 tàbí tí ó ju 250 lọ, ẹ má ṣe so ọkọ̀ mọ́ ọn. Kí wáyà ilẹ̀ inú okùn iná so mọ́ ara irin ọkọ̀ dáadáa, kí ẹ̀rọ agéná tí ń já ní 30 mílíámpù sì wà níbi tí iná ti ń wọlé, nítorí òun ni ó ń yára gé iná tí ó bá ń gba ara ènìyàn kọjá.

Ní ti ẹ̀rọ amúnáwá, ẹ jẹ́ kí ó dúró dáadáa kí ẹ tó gbé ẹrù lé e, ẹ má sì jẹ́ kí epo tán nínú rẹ̀ nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbé e jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ọkọ̀. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì tí kò ní òórùn tí ó sì ń pa ènìyàn.

Bí iná àpọ̀jù bá wọlé pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra yìí, firíìjì àjẹsára ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, àní bí ó bá ṣì ń dún. Ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni a ń tọ́jú àjẹsára sí. Bí iná bá jó ohun tí ń darí ìtutù nínú firíìjì, ó lè máa ṣiṣẹ́ láìdúró títí tí yóò fi sọ oògùn di yìnyín. Ooru ni ó tètè ń ba àjẹsára pólíò tí a ń kán sí ọmọ lẹ́nu jẹ́, ṣùgbọ́n dídì ni ó ń ba ti tẹ́tánọ́ọ̀sì àti ti àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B jẹ́. Àmì onígun mẹ́rin tí ó wà láàárín òbírí lára ìgò máa ń dúdú sí i bí ooru bá ti mú un, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún nọ́ọ̀sì pé oògùn náà ti dì rí. Èyí ni ó fi yẹ kí tẹmómítà tí ń pa àkọsílẹ̀ mọ́ wà nínú firíìjì. Bí àkọsílẹ̀ náà bá fi hàn pé ìtutù ti bọ́ sí ìsàlẹ̀ òdo, ẹ ya ìgò wọ̀nyẹn sọ́tọ̀, ẹ kọ ọ́ sí ara wọn pé a kò gbọdọ̀ lò wọ́n, kí ẹ sì ké sí òṣìṣẹ́ tí ń bójútó ìtọ́jú àjẹsára ní ìjọba ìbílẹ̀ kí ẹ tó fún ọmọ kankan ní abẹ́rẹ́.